Oògùn tó pa jẹjẹrẹ ajá nínú àwo: bí a ṣe ń dán an wò, àti ibi tó ti ń tanni jẹ

Gbólóhùn kan wà tó máa ń yára tàn kálẹ̀ láàárín àwọn tó ń sin ajá: "Wọ́n ti rí oògùn tó pa jẹjẹrẹ ajá ní láàbù." Ẹni tí ajá rẹ̀ ń ṣàìsàn á gbọ́ ọ, ìrètí á sọjí nínú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n ti ń ta hóró oògùn tàbí ewé náà. Gbólóhùn yẹn lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, kó má sì ran ajá kankan lọ́wọ́. Omi iyọ̀ tó bá ki jù ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo. Jíìkì ń pa á. Ohun tó yẹ ká bi ẹni tó mú ìròyìn wá ni pé: báwo lẹ ṣe kà á, oògùn náà ti ki tó kó tó ṣiṣẹ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ ajá sì lè gbé iye yẹn kí ajá fúnra rẹ̀ má kú?

Jẹjẹrẹ egungun, osteosarcoma, ni màá fi ṣàlàyé. Àwọn ajá ńláńlá bíi Rottweiler, Great Dane àti Irish Wolfhound ló máa ń mú jù, ó sì jọ ti ọmọ ènìyàn débi pé àwọn oníwádìí ń fi ọ̀kan kọ́ èkejì. Ẹsẹ̀ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí. Ajá á máa tiro, wọ́n á rò pé ó fẹsẹ̀ gbá nǹkan ni, títí ojú egungun á fi wú. Ìtọ́jú tí wọ́n mọ̀ jù ni pé kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n sì máa fún un ní oògùn jẹjẹrẹ carboplatin sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, 300 mg fún mítà onígun mẹ́rin kan fífẹ̀ ara, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, inú ẹ̀dọ̀fóró ni jẹjẹrẹ yìí máa ń sá lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń pa ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá oògùn tuntun lójú méjèèjì.

Sẹ́ẹ̀lì tí a fẹ́ pa

Sẹ́ẹ̀lì tó gbajúmọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí ń jẹ́ D17. Ara abo Poodle ọmọ ọdún 11 kan ni wọ́n ti mú un, láti inú jẹjẹrẹ egungun tó ti ràn dé ẹ̀dọ̀fóró. Ajá náà ti lọ tipẹ́, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣì ń pín sí méjì méjì nínú ike káàkiri ayé. Ẹyọ kan kò tó. Láàbù tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun fìdí múlẹ̀ á fi Abrams, HMPOS tàbí OSCA-8 kún un, nítorí pé oògùn tó gbá ọ̀kan mọ́lẹ̀ lè má tu irun kan lára èkejì.

Omi oúnjẹ tí a ń fi bọ́ ọ ni RPMI-1640 tàbí DMEM, pẹ̀lú omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù inú oyún, ìdá 10 nínú 100. Ìnkúbétọ̀, àpótí olóoru tí sẹ́ẹ̀lì ń gbé, gbọ́dọ̀ wà ní 37°C, kí CO2 jẹ́ ìdá 5 nínú 100 afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ara ajá gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, 38.3 sí 39.2°C, ṣùgbọ́n 37 ni ọ̀pọ̀ láàbù ń lò kí iṣẹ́ wọn lè ṣeé fi wé ti ẹlòmíràn. Àwọ̀ omi náà máa ń sọ̀rọ̀, ẹ máa wò ó. Tó bá ti ń di àwọ̀ àlùkò, CO2 ti ń tán. Tó bá di àwọ̀ ìyeyè, sẹ́ẹ̀lì ti pọ̀ jù nínú ike tàbí kòkòrò ti wọ ibẹ̀. Ní ilẹ̀ wa níbi tí iná ti máa ń lọ láìdágbére, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn ìnkúbétọ̀ rárá títí jẹnẹrétọ̀ á fi gbà á. Ìṣíkúṣìí ilẹ̀kùn ló ń pa sẹ́ẹ̀lì ju àìsí iná fún ìgbà díẹ̀ lọ.

Ọ̀tá tó burú jù kò ṣeé fojú rí. Bakitéríà tó kù máa ń mú kí omi rú, ojú á sì rí i. Mycoplasma kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Penicillin tí a ń pò mọ́ omi oúnjẹ kò lè mú un, torí pé ògiri tó yí bakitéríà ká ni penicillin ń bà jẹ́, mycoplasma kò sì ní ògiri. Á jókòó sínú ike fún oṣù mélòó kan, á máa jẹ nínú oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì, á máa yí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń dàgbà padà. Oògùn tí wọ́n bá dán wò lára irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, àbájáde rẹ̀ kò wúlò fún ohunkóhun. Àyẹ̀wò PCR lóṣooṣù, tó ń wá DNA rẹ̀, ni àtúnṣe rẹ̀. Tí ó bá wọlé, ẹ da ike náà nù, kí ẹ padà sí èyí tó mọ́ nínú náítírójìn olómi.

Ohun kejì tí wọ́n máa ń fò ni ìdánimọ̀. Nínú láàbù tó ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, eku àti ajá pa pọ̀, ẹ̀kán omi kan ṣoṣo láti ẹnu pípẹ́ẹ̀tì ti tó láti po ọ̀kan mọ́ èkejì. Èyí tó ń yára dàgbà á gba ilé lọ́wọ́ èyí tó ń falẹ̀. Àyẹ̀wò DNA tí wọ́n ń pè ní STR, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ajá, ló ń fi hàn pé ajá ni, àti pé ajá tí a sọ gan-an ni. Mi ò ka ìwádìí tí kò sọ ohun kankan nípa èyí sí iṣẹ́ tó parí.

Ọjọ́ ìgbìn

Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ti bo nǹkan bí ìdá 70 sí 80 nínú 100 ilẹ̀ ike, ó ti tó kórè. A ó da omi oúnjẹ dànù, a ó fi PBS, omi iyọ̀ tí kì í pa sẹ́ẹ̀lì lára, ṣan ike, nítorí pé ìyókù omi ẹ̀jẹ̀ màlúù máa ń gba agbára lọ́wọ́ trypsin, èròjà tó ń tú sẹ́ẹ̀lì kúrò lára ike. A ó wá da trypsin ìdá 0.25 nínú 100 pẹ̀lú EDTA lé e lórí fún ìṣẹ́jú 3 sí 5. Ẹ máa wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù: sẹ́ẹ̀lì tó nà gbọọrọ tẹ́lẹ̀ á ká jọ, á rí róbótó, á sì máa léfòó. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ da omi oúnjẹ sí i kíá kí trypsin lè dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ti ba awọ sẹ́ẹ̀lì jẹ́ kí oògùn tó débẹ̀.

Ẹ po 10 µl nínú rẹ̀ mọ́ 10 µl trypan blue. Òkú sẹ́ẹ̀lì máa ń mu aró yìí, alààyè kì í mu ún. Ká ní a ka àwọn alààyè ní igun mẹ́rin gíláàsì ìkasẹ́ẹ̀lì, a rí 212. Tí a bá pín in sí mẹ́rin, ó jẹ́ 53. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 2 nítorí aró, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 10,000 nítorí pé igun kọ̀ọ̀kan gba 0.1 µl péré. Ìyẹn jẹ́ 1,060,000 sẹ́ẹ̀lì nínú mílílítà kan. Sẹ́ẹ̀lì 3,000 la fẹ́ nínú ihò kọ̀ọ̀kan àwo oníhò 96, nínú 100 µl, èyí tó jẹ́ 30,000 nínú mílílítà kan. Ihò 50 la máa gbìn, tó túmọ̀ sí 5 ml, ṣùgbọ́n ẹ po 7 ml torí pé díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sára ike àti pípẹ́ẹ̀tì. Sẹ́ẹ̀lì 210,000 la nílò nígbà náà: ẹ fa 198 µl, kí ẹ fi omi oúnjẹ kún un dé 7 ml.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 3,000? Tí a bá gbin 20,000, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú wọ́n ti kún ihò fọ́fọ́, wọn ò ní pín mọ́, oògùn tó sì jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì tó ń pín ló ń mú á dà bí èyí tí kò lágbára. Tí a bá gbin 200, ẹ̀rọ ò ní rí nǹkan gidi kà. Kí a tó fọwọ́ kan oògùn rárá, a ní láti gbin 1,000, 2,000, 4,000 àti 8,000, ká kà wọ́n lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ká yan iye tó ṣì ń gòkè tààrà lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. D17 ní tirẹ̀, CLBL-1 tó jẹ́ ti lymphoma, jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, ní tirẹ̀. Kò sí iye kan tó bá gbogbo wọn mu.

Àwo oníhò 96 ní ìlà mẹ́jọ, A dé H, àti òpó 12. Ihò 36 tó wà ní etí ni omi máa ń yára gbẹ nínú wọn, èyí sì ń mú kí iyọ̀ àti oògùn inú wọn ki ju bó ti yẹ lọ. PBS nìkan la máa ń dà sí wọn. Nínú 60 tó kù láàárín, èyí ni mo fara mọ́: ìlà B dé F ni kí sẹ́ẹ̀lì wà, kí ìlà G gba gbogbo ohun tí àwọn tó kù gbà, oògùn, omi oúnjẹ, aró, àyàfi sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ìlà G yìí gbin sẹ́ẹ̀lì sí i kí wọ́n lè rí iye kíkà púpọ̀. Àṣìṣe ńlá ni, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Òpó 2 kò gba nǹkan kan, òpó 3 gba DMSO, omi tí a fi ń yọ́ oògùn, nìkan, òpó 4 dé 10 gba oògùn ní ìwọ̀n méje, òpó 11 gba doxorubicin 1 µM tí a ti mọ̀ pé ó ń pani, kí a lè mọ̀ pé àwo náà ń gbọ́ràn.

Ẹ má yára gbé àwo wọ ìnkúbétọ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó lórí tábìlì tó tẹ́jú fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí sẹ́ẹ̀lì lè balẹ̀ káàkiri. Àwo tó bá bọ́ sínú ooru lójijì, omi á máa rìn nínú ihò, sẹ́ẹ̀lì á sì kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Oògùn àti bí a ṣe ń bomi là á

Ọ̀pọ̀ oògùn jẹjẹrẹ kì í yọ́ nínú omi, DMSO ni wọ́n ń yọ́ sí. DMSO fúnra rẹ̀ ń pa sẹ́ẹ̀lì tó bá pọ̀, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 0.1 nínú 100 lọ nínú ihò, òpó 3 àti gbogbo ihò tó gba oògùn sì gbọ́dọ̀ ní iye kan náà. Ibí ni ọwọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ti máa ń yọ̀: wọ́n á fi omi oúnjẹ la oògùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ihò tí oògùn rẹ̀ pọ̀ jù á tún wá jẹ́ ihò tí DMSO rẹ̀ pọ̀ jù, wọn ò sì ní mọ èyí tó pa sẹ́ẹ̀lì nínú méjèèjì.

Inú DMSO ni kí ẹ ti kọ́kọ́ là á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 10 mM. Ẹ fa 50 µl, ẹ po ó mọ́ 108 µl DMSO; ó di 3.16 mM. Ẹ tún fa 50 µl nínú ìyẹn sínú 108 mìíràn, bẹ́ẹ̀ títí ìwọ̀n méje á fi pé. Nínú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ẹ mú 2 µl sínú 998 µl omi oúnjẹ, kí ẹ wá da 100 µl nínú rẹ̀ lé 100 µl tó ti wà nínú ihò láti àná. Ìwọ̀n méjèèje á wá jẹ́ 10, 3.16, 1, 0.316, 0.1, 0.0316 àti 0.01 µM, DMSO á sì jẹ́ 0.1 níbi gbogbo. Ẹ gbé ọpọ́n sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó lò ó. Tí ẹ bá rí nǹkan tó ń tàn yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ tàbí tó rọ̀ sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun, oògùn ti sán kúrò nínú omi. 10 µM tí ẹ kọ sílẹ̀ kì í ṣe 10 µM mọ́.

Oògùn kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi DMSO yọ́ láé: cisplatin. DMSO máa ń so mọ́ platinum inú rẹ̀, agbára oògùn náà á sì lọ. Omi iyọ̀ ìdá 0.9 nínú 100 ni kí ẹ fi yọ́ ọ. Àìmọye ìwádìí ló ti jáde níbi tí wọ́n ti sọ pé sẹ́ẹ̀lì kan ò gbọ́ ti cisplatin, tó sì jẹ́ pé DMSO ni wọ́n fi yọ́ ọ.

Kíkà á

Lẹ́yìn wákàtí 72, a ó da 20 µl MTT, aró tí sẹ́ẹ̀lì alààyè ń yí padà, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5 mg/ml sí ihò kọ̀ọ̀kan, a ó dá àwo padà sínú ìnkúbétọ̀ fún wákàtí 3. Mosmann ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1983. MTT jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè á sọ ọ́ di hóró kéékèèké aláwọ̀ àlùkò, èyí tí a lè rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù bí abẹ́rẹ́ tó gún jáde lára sẹ́ẹ̀lì. A ó fa omi kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ká má fi ẹnu pípẹ́ẹ̀tì ha ilẹ̀ ihò, a ó da 150 µl DMSO sí i, a ó mì í fún ìṣẹ́jú 10, a ó sì kà á ní 570 nm, ká yọ ti 690 nm kúrò. Sẹ́ẹ̀lì lymphoma kì í lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fa omi kúrò lórí CLBL-1 ti fa sẹ́ẹ̀lì dànù nìyẹn. Ẹ lo SDS, irú ọṣẹ kan, ìdá 10 nínú 100 tí a po mọ́ HCl 0.01 M, ẹ dà á lé gbogbo rẹ̀ lórí kó di ọjọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí, nítorí ibẹ̀ ni irọ́ tí kò mọ̀ pé irọ́ ni òun ti máa ń wọlé. Ká ní lọ́jọ́ tí a da oògùn sí i, a ka àwo kan lọ́tọ̀, ó jẹ́ 0.25. Lẹ́yìn wákàtí 72, òpó 3 tó gba DMSO nìkan di 1.25, ihò tó gba oògùn ṣì wà ní 0.25. Wọ́n á pín 0.25 sí 1.25, wọ́n á rí ìdá 20 nínú 100, wọ́n á sì kọ ọ́ pé oògùn pa ìdá 80 sẹ́ẹ̀lì. Ó ṣeé ṣe kó má pa ẹyọ kan. Iye tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Oògùn kàn ní kí wọ́n má bímọ ni. Nínú ara ajá, ìyàtọ̀ ńlá ni èyí: tí oògùn bá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ́la, jẹjẹrẹ á tẹ̀ síwájú láti ibi tó dúró sí. Ẹni tí kò bá ka àwo ọjọ́ kìíní kò lè mọ ìyàtọ̀. Ẹ ka àwo ọjọ́ kìíní, kí ẹ sì fi Annexin V àti propidium iodide, àmì méjì tó ń fi òkú sẹ́ẹ̀lì hàn, wá òkú gidi.

Ìlà G wá ńkọ́? Oje ewé àti èpo igi, pàápàá àwọn tó kún fún polyphenol, máa ń sọ MTT di àlùkò fúnra wọn láìsí sẹ́ẹ̀lì kankan nínú ihò. Curcumin inú ata ilẹ̀ pupa náà ń dá irú wàhálà yìí sílẹ̀. Ẹ̀rọ á rí àwọ̀, á ní sẹ́ẹ̀lì wà láàyè, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kú pátápátá. Ìlà G ló ń tú àṣírí èyí. Bí àwọ̀ bá jáde nínú ìlà tí kò ní sẹ́ẹ̀lì, ẹ yọ iye yẹn kúrò, tó bá sì pọ̀ jù, ẹ pa MTT tì, kí ẹ fi crystal violet kun sẹ́ẹ̀lì tàbí kí ẹ kà wọ́n lójú. Doxorubicin náà pupa, ó sì ń tàn. Tí ẹ bá ń lo resazurin, aró mìíràn tó jẹ́ ìtànṣán rẹ̀ la ń kà, ẹ ṣọ́ra fún un.

Kí àwo tó ṣeé gbà gbọ́, ìyàtọ̀ láàárín òpó 3 àti òpó 11 gbọ́dọ̀ hàn kedere ju bí iye inú òpó kọ̀ọ̀kan ṣe ń yẹ̀ síra wọn lọ. Z′ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, 0.5 sókè ló dára. Àwo tó bá wà ní ìsàlẹ̀ èyí, àtúnṣe ni, ẹ má fi ọgbọ́n yọ ihò tó burú kúrò. Ihò márùn-ún tó wà lórí àwo kan, ìdánwò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ike sẹ́ẹ̀lì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, oògùn tí a là lọ́tun: ìyẹn ni ìdánwò mẹ́ta.

Ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ fún ajá

Ìwọ̀n oògùn tó dín ohun tí a kà kù sí ìdajì ni wọ́n ń pè ní IC50. Nọ́ńbà yìí kò ní ìtumọ̀ tí a kò bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Ẹ wo toceranib, tí wọ́n ń tà ní Palladia, oògùn jẹjẹrẹ àkọ́kọ́ tí FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí fún ajá, ní 2009. Jẹjẹrẹ mast cell, èyí tó sábà máa ń mú awọ ara ajá, ló wà fún. Bí ó bá ti ju 40 ng/ml lọ nínú ẹ̀jẹ̀, ó ti ń dí ohun tó yẹ kó dí. Ìwúwo mólékù rẹ̀ tó 396, nítorí náà 40 ng/ml jẹ́ nǹkan bíi 0.1 µM. Ẹni tó bá wá kọ ọ́ pé toceranib pa D17 ní 10 µM ń sọ̀rọ̀ nípa ìlọ́po 100 iye yẹn. Ajá kò ní gbé e.

Èyí tún le jù lọ́dọ̀ àwọn tó ń dán oje ewé wò. Ká ní oje kan nílò 500 µg/ml. Ajá 30 kg ní ẹ̀jẹ̀ tó tó 2.5 lítà. Gíráàmù 1.25 ni kó máa léfòó nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan lẹ́ẹ̀kan náà, láìka èyí tí ẹ̀dọ̀ máa lọ̀ dànù àti èyí tí ẹran ara máa fà mu. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ fún un mu tó tí á débẹ̀. Mi ò sọ pé kí wọ́n má wá oògùn lára ewé. Vincristine ara òdòdó Catharanthus roseus ló ti wá, tigilanol tiglate tí FDA fọwọ́ sí ní 2020 fún mast cell inú èso igi kan ní Queensland ní Ọsirélíà ló ti jáde. Ṣùgbọ́n èròjà tí wọ́n yọ jáde, tí wọ́n mọ orúkọ àti ìwúwo rẹ̀, ni wọ́n fi dé ibẹ̀.

Ẹ tún rántí pé inú àwo, omi ẹ̀jẹ̀ màlúù jẹ́ ìdá 10 péré. Nínú ajá, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ máa ń di oògùn mú, èyí tó kù lómìnira nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ìdá tó ju 90 nínú 100 toceranib ló ń so mọ́ purotéènì.

Lẹ́yìn náà la óò bi í bóyá oògùn mọ ìyàtọ̀ láàárín jẹjẹrẹ àti ara tó dá. MDCK, tí Madin àti Darby mú lára kíndìnrín Cocker Spaniel ní 1958, ni ọ̀pọ̀ máa ń lò, ṣùgbọ́n òun náà ti di sẹ́ẹ̀lì tí kì í kú. Sẹ́ẹ̀lì awọ ajá tó dá sàn jù ú, mùdùnmúdùn inú egungun ló sì dára jù lọ, torí pé níbẹ̀ ni oògùn jẹjẹrẹ ti máa ń ṣe ajá léṣe jù. A ó gbìn ín sínú methylcellulose, èròjà tó ki bíi jẹ́lì, a ó ka àwọn ìdìpọ̀ tó bá hù. Iye tí ìdìpọ̀ wọ̀nyí kò lè fara dà ni ààlà oògùn náà, ohun yòówù tí D17 ì báà wí. Àwọn ajá bíi Collie tún wà tí apá kan apilẹ̀ ABCB1 wọn, èyí tó ń lé oògùn jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, ti já, lẹ́tà DNA mẹ́rin péré. Fún wọn, vincristine àti doxorubicin níwọ̀n tí ajá mìíràn ń gbé lè di ikú.

Ohun tó dun àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí jù ni ọ̀rọ̀ rapamycin. Nínú àwo, ó dí ọ̀nà mTOR, tí sẹ́ẹ̀lì fi ń dàgbà, nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ egungun ajá, gbogbo nǹkan lọ déédéé. Àwọn ilé ìwòsàn ẹranko tó ń bá ètò ìwádìí jẹjẹrẹ ẹranko ti NCI, ilé-iṣẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ ìjọba Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ wá kó ajá 324 jọ, gbogbo wọn ajá tí ẹlòmíràn ń sìn nílé, tí wọ́n ti gé lẹ́sẹ̀ tí wọ́n sì ti gba carboplatin. Àwọn kan gba rapamycin kún un, àwọn kan kò gbà. Àbájáde jáde ní 2021: kò fi ọjọ́ kankan kún ẹ̀mí wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe dáadáa ni, ó sì yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olówó ajá wọ̀nyẹn, torí pé wọ́n gba ajá mìíràn lọ́wọ́ oògùn tí kò ní ṣe wọ́n lóore.

Jẹjẹrẹ tí àwo kò lè sọ ìtàn rẹ̀ tán

Ní Nàìjíríà, jẹjẹrẹ tí dókítà ẹranko máa ń rí lójú abẹ́ ajá ni èyí tó ń ràn nígbà gígùn, CTVT. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà fúnra rẹ̀ ló ń fò láti ara ajá kan bọ́ sí òmíràn. Vincristine, 0.5 sí 0.7 mg fún mítà onígun mẹ́rin, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ló ń wo ọ̀pọ̀ wọn sàn. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ gan-an ni kó wọ̀: bó bá jò sí ẹ̀gbẹ́, awọ ibẹ̀ á jẹrà.

Tí wọ́n bá fẹ́ dán oògùn mìíràn wò fún un, fún àwọn tí vincristine kò ràn mọ́, ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀. Ìkíní, àwọn sójà ara ajá náà wà lára ohun tó ń lé CTVT lọ lẹ́yìn tí oògùn bá ti ṣí ọ̀nà, àwo kò sì ní sójà kankan. Ìkejì, ẹran tí a bá gé lára kókó náà kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nìkan. Ẹ gbé e sínú omi oúnjẹ tútù tó ní oògùn kòkòrò, lórí yìnyín, kó dé láàbù lọ́jọ́ kan náà, ẹ gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ gbìn ín. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mẹ́wàá ẹ ó rí i pé ike ti kún, sẹ́ẹ̀lì gbọọrọ tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ojú máa ń tàn ènìyàn níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì CTVT rí róbótó; àwọn tó gbọọrọ yìí jẹ́ fibroblast, sẹ́ẹ̀lì ara ajá náà fúnra rẹ̀, tó yára ju jẹjẹrẹ lọ. Ẹ ka kúrómósómù wọn: ajá ní 78, CTVT ní 57 sí 64. Tàbí kí ẹ ṣe PCR tó ń wá LINE-1, ègé DNA kan tó há sẹ́gbẹ̀ẹ́ apilẹ̀ MYC, àmì tí CTVT gbé kiri tí ara ajá tó dá kò ní. Tí àmì yẹn kò bá jáde, ẹ má da oògùn kankan sí àwo náà. Ẹ padà lọ gé ẹran tuntun.